Agolo Inú Abọ́ Tánganran

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ló gbin hóró álímọ́ńdì sínú agolo mílíìkì, ó sì fi ìṣó lu ìdí agolo náà kí omi lè máa jò dànù. Nígbà tó hù, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ pé kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́.

Agolo tó ti dípẹtà, lójú àwọn oníbàárà gbajúmọ̀? Aránṣọ gbé e sínú abọ́ tánganran tó jìn, ó fi pa agolo mọ́. Omi ò wá ríbi gbà mọ́. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ní òùngbẹ ni, ó tún bu omi sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èrò kún ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n yà wọlé. Ó fa agolo yọ, òórùn gbalé kan. Gbogbo gbòǹgbò ti jẹrà.

"Ṣebí mo lu ihò sí i." Ó wo abọ́ náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yé e.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Aránṣọ ò lè gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Ó da omi nù, ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu abọ́ náà gbẹ, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀.

"Abọ́ rẹ rèé. Ó dáa."

Ó gbé agolo rẹ̀ mọ́ àyà, ó gba àárín àwọn oníbàárà jáde.