Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Ẹ́ńjìnì

Ọkọ̀ náà ti dé ìyípo kẹwàá lórí pápá ìje, omi rẹ̀ kò sì tíì hó. Bí Kékeré ṣe ń wà á kọjá, ó na àtàǹpàkò sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ara ẹ́ńjìnì tutù. Ó yẹ kí inú ẹ̀gbọ́n dùn. Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òní ni kò gbóná?" ló ń bi ara rẹ̀.

Àgbà Sípánà ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Òun àti Kékeré, àbúrò tó fi orí kan ga jù ú lọ, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mẹ́káníìkì nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Dókítà, àgbàlagbà oníṣègùn eyín kan, ló ni ọkọ̀ ìje ayé àtijọ́ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé e lọ síbi ìje. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá ti di ìyípo kẹrin, géèjì ooru á fò sókè, èéfín á bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn èrò á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àgbà Sípánà ti pààrọ̀ rédíétọ̀. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù omi àti bẹ́líìtì, ó tú orí ẹ́ńjìnì palẹ̀, kò rí àléébù kankan. Tí ọkọ̀ bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní gbóná. Tó bá ti dé pápá, ó di ìkòkò orí iná. Ibẹ̀ ni ìfura ti wọ̀ ọ́ lára. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti rí Kékeré lẹ́ẹ̀mejì tó ń bá mẹ́káníìkì àwọn tí wọ́n jọ ń figagbága sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri.

Lánàá, ó gbé fóònù, ó ní, "Dókítà, ẹni tó ń ba ọkọ̀ yín jẹ́ ò jìnnà. Ọmọ ìyá mi ni mo fura sí."

"Wá ẹ̀rí," ni Dókítà wí. "Tó bá jẹ́ òun ni, gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ìje ló máa gbọ́ lẹ́nu mi. Kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́."

Nítorí ẹ̀rí yìí ló ṣe mú kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ́ńjìnì ti gba ọkọ mi," ni ìyàwó sọ, "ó tún fẹ́ gba kútẹ́ẹ̀sì mi."

Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó kán kútẹ́ẹ̀sì sórí gbogbo nọ́ọ̀tì tí omi ń gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹni tó bá fi sípánà kàn wọ́n, kútẹ́ẹ̀sì á là.

Kékeré wa ọkọ̀ wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn nọ́ọ̀tì rédíétọ̀ wà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ti pọ́ǹpù náà ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè ẹ́ńjìnì, lórí ilé kékeré tí omi ń gbà jáde, kútẹ́ẹ̀sì nọ́ọ̀tì méjèèjì ti là.

"Ta ló tú ibí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Kékeré. "Èmi ni, bọ̀ọ̀dá mi. Láàárọ̀."

"Kí lo yọ níbẹ̀?"

"Mi ò yọ nǹkan kan. Mo fi nǹkan síbẹ̀ ni. Tamosítáàtì."

Tamosítáàtì ni irin kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi tó bá ti gbóná. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ dànù lára ọkọ̀ èyíkéyìí. Bàbá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ dí omi lọ́nà. Àgbà Sípánà fúnra rẹ̀ ló yọ ti ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tó dé.

"Ti ọkọ̀ yìí yàtọ̀," ni Kékeré ń sọ jẹ́jẹ́. "Bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún omi, bẹ́ẹ̀ ló ń dí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ihò yẹn á wà ní ṣíṣí. Dípò kí omi gbígbóná lọ tutù ní rédíétọ̀, inú ẹ́ńjìnì ni púpọ̀ rẹ̀ máa ṣẹ́rí padà sí. Mẹ́káníìkì àwọn tá a jọ ń figagbága ló ṣàlàyé fún mi. Àná ló bá mi rí òmíràn."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Kékeré wo ilẹ̀. "Mo sọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Ẹ ní ṣé mo fẹ́ lọ kọ́ bàbá wa níṣẹ́ ní sàréè ni."

Ó rántí. Iwájú àwọn oníbàárà ló ti sọ ọ́, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ojú tì í gan-an. Òun tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, òun náà ló ń wá olè kiri.

Dókítà ti ń bọ̀. Kékeré kí i, Dókítà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọjú sí Àgbà Sípánà.

"Ṣé o rí ẹni náà?"

Kékeré wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. "Ẹni wo, bọ̀ọ̀dá mi?"

Àgbà Sípánà nu ọwọ́ sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣì lè sọ pé òun ṣì ń wá ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

"Mo rí i, Dókítà. Èmi ni. Èmi ni mo yọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín ló tún un ṣe."

Ó fọwọ́ bọ àpò, ó fa kútẹ́ẹ̀sì yọ, ó nà án sí Kékeré.

"Gbà. Kán an sórí nọ́ọ̀tì méjèèjì. Láti òní lọ, èmi ni kó o máa ṣọ́."

Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bó ṣe máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré. Kò dúpẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ó sì kán kútẹ́ẹ̀sì sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.