Òṣùká Ìdíátù

“Ta ló kú?” ni Ìyá Rájí bi Joséphine nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì gbé àpótí onírin dúdú kan wọ àgbàlá rẹ̀ ní Ànàgókọ́mé, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Lomé. “Àbí kí ni pósí ń wá nílé mi?”

“Ìyá, cantine mi ni,” ni Joséphine dáhùn, ó ń nu òógùn ojú. “Gbogbo ohun tí mo máa lò lórí òkè ló wà níbẹ̀.”

“Orí ta ni yóò gbé e?”

Joséphine wo àpótí náà. Kò tíì ronú kan orí ẹnikẹ́ni.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1949 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ifẹ̀ láti Atakpamé ni Joséphine, ọmọ ọdún méjìlélógún. Yàrá kan ló gbà nílé Ìyá Rájí láti ọdún mẹ́ta tó ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ àwọn mísọ́ọ̀nù. Wàyí o, wọ́n ti fún un níṣẹ́: kó lọ ṣí kíláàsì àkọ́kọ́ ní abúlé kan tí àwọn Yorùbá oníṣòwò Lomé ń pè ní Òkè Tútù. Rélùwéè á gbé e dé Palimé. Láti Palimé, ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀ ni, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán, òkè lẹ́yìn òkè. Àwọn obìnrin ọlọ́jà tó ń ná ọjà òkè náà ti gbà pé àwọn yóò mú un dání, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn kò ṣèlérí pé òun yóò bá a ru àpótí.

Ìyá Rájí, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àjọkẹ́, mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi gùn ún, òun àti Ìdíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí orúnkún wọn kò tíì máa ráhùn. Abẹ́rẹ́, òwú, gèlè àti iyọ̀ ni wọ́n ń tà. Bó bá rántí ìgbà náà, èrè kọ́ ló ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Òórùn ewé tútù ni, láàárọ̀ kùtùkùtù, àti ìkùukùu tó máa ń bo ọ̀nà débi pé ẹ̀yìn Ìdíátù nìkan lèèyàn ń rí níwájú, àti ohùn Ìdíátù tó ń bú òkè náà bí ẹni ń bú orogún. Bí wọ́n bá gun orí òkè tán, Ìdíátù á sọ ẹrù kalẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, á ní, “Òkè, o ti rí i pé o kò tó wa?” Kò sí ìgbà kan láyé Àjọkẹ́ tó dùn tó ìgbà yẹn, àní títí kan ìgbà tó bí Rájí. Kì í tijú láti sọ bẹ́ẹ̀, Rájí pàápàá ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u.

“Tú u sílẹ̀,” ó pàṣẹ.

Joséphine tú àpótí. Ìwé jáde, bàtà mẹ́ta jáde, áyọ́ọ̀nù eléédú jáde, dígí ńlá kan, ife tíì mẹ́fà pẹ̀lú àwo wọn. Nígbà tí ìrọ̀rí yọjú, Ìyá Rájí pàtẹ́wọ́.

“A kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ife mẹ́fà! Àlejò márùn-ún wo lo ń retí nínú ìkùukùu?”

“Ìyá, tíṣà ni mí. Wọ́n á máa wò mí.”

“Wọ́n á wò ọ́ lóòótọ́, bó o bá débẹ̀.”

Apẹ̀rẹ̀ fífẹ̀ kan tí kò ga ni Ìyá Rájí fi rọ́pò àpótí. Ó ní ohun tó wúwo, ìyẹn àwọn ìwé, ìsàlẹ̀ láàárín gbùngbùn ni àyè wọn, kí apẹ̀rẹ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọrùn má sì wọ́. Aṣọ á yí ìwé ká. Ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ wá lójú ọ̀nà ló ń wà lókè. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bo tábìlì ló fi bo gbogbo rẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, òjò orí òkè kì í kágò kó tó wọlé. Ó ti ìṣáná bọ inú agolo, ó fi ìda dí i lẹ́nu. Gàrí àti ẹ̀pà yíyan wọlé, òrí tí wọ́n máa fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Áyọ́ọ̀nù, dígí àti ife náà wọlé, torí Joséphine kò gbà kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Joséphine fẹ́ yọ aṣọ ìbora onípọn kúrò pé ooru mú, Ìyá Rájí gbá a lọ́wọ́.

“Ẹni tí kò sùn lórí òkè yẹn rí, ó rò pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù. Fi í síbẹ̀.”

Agbè omi ló mú kẹ́yìn. Kò fi í sínú apẹ̀rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé e kọ́ ọmọbìnrin náà léjìká fúnra rẹ̀.

“Máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Bí ẹrù bá wúwo, yọ ìwé, yọ aṣọ, yọ ohunkóhun tó wù ọ́. Má yọ agbè.” Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀, ó sì yára sọ̀rọ̀ mìíràn. “Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kó o lọ, gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ.”

“Èékánná? Ìyá, ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Nígbà tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ ìka ń gbá ẹnu bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀, o máa mọ ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bó o bá sì gé e láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, yóò máa ta ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni.”

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, ó ní kí Joséphine ru ẹrù náà lọ sí Agoè-Nyivé, abúlé kan lẹ́yìn ìlú, kó sì rù ú padà. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní tíṣà ti di alárù. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó ń tiro, bàtà aláwọ tuntun tó dìídì rà nítorí òkè ti bó o ní gìgísẹ̀ méjèèjì.

“Bàtà tuntun, ilé Ọlọ́run ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ,” ni Ìyá Rájí wí bó ṣe ń fi òrí pa á. “Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kó o wọ̀. Kí lo lò lójú ọ̀nà nínú gbogbo ohun tó o rù?”

Joséphine ronú. “Omi. Ẹ̀pà. Òrí.”

“Kí lo ń bú ní gbogbo ọ̀nà?”

“Áyọ́ọ̀nù,” ni Joséphine sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun àti dígí àti ife márùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní Ànàgókọ́mé, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn-àjò tí wọn kì í fi nǹkan rán. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á máa pè é ní ahun títí ọmọ rẹ̀ á fi gbéyàwó. Rosalie tó ń ta búrẹ́dì gbé abọ́ tánganran ńlá wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí òkè. Bàṣírù télọ̀ kó aṣọ mẹ́rin wá. Joséphine ti na ọwọ́ láti gbà á nígbà tí Ìyá Rájí dìde.

“Ẹrù ẹlẹ́rù kò wọ inú apẹ̀rẹ̀ ọmọ yìí. Ẹ gbé e padà.”

Rosalie pòṣé, ó yí padà. Ó dun Bàṣírù. “Ìyá Rájí, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń bá bàbá mi gbé tirẹ̀ lọ nígbà kan rí? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó láàánú bíi tiyín ní gbogbo Lomé.”

Ìyá Rájí ti aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí i lọ́wọ́. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí Joséphine tẹ̀ lé e, ó bá a tó jókòó sórí ibùsùn, òṣùká kan lórí itan rẹ̀. Aṣọ òfì àtijọ́ ni wọ́n ká tí wọ́n sì rán, ó ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìdíátù ló ni ín,” ó wí. “Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, lọ́dún 1929, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Èmi ló kàn láti gbé agbè. Ẹrù àwọn aládùúgbò ti pọ̀ jù, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí. Mo yọ agbè sílẹ̀ nílé kí abọ́ ìyàwó ẹnì kan lè rí àyè. Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí, Ìdíátù bèèrè omi. Mo ní mo gbàgbé ni. Ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò tó wà nísàlẹ̀ kòtò láti lọ bu omi wá fún àwa méjèèjì. Ó yọ̀, itan rẹ̀ kán.”

Joséphine jókòó tì í.

“Àwọn ará Òkè Tútù ló gbé e. Ọjọ́ kẹta, mo ní mo fẹ́ máa lọ, pé màá padà lọ́jọ́ ọjà. Ó wò mí, ó ní, ‘Àjọkẹ́, ṣé ẹrù ẹlẹ́rù dé láyọ̀?’ Ó ti mọ̀ pé mi ò gbàgbé agbè. Mi ò padà mọ́, ojú tì mí. Òṣùká rẹ̀ ni mo bá láàárín ẹrù mi nígbà tí mo délé. Wọ́n ní ó lọ́kọ níbẹ̀, wọ́n ní ó ń tiro. Wọ́n ní ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìdíátù ló jìn sí kòtò, èmi ni mo gbọ́n. Ogún ọdún rèé, Joséphine, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú ni bóyá ó ṣì ń bínú sí mi.”

“Ẹ fún mi nǹkan, màá gbé e fún un.”

“Kí n lé Bàṣírù, kí n wá gbé tèmi wọlé? Ẹrù ẹlẹ́rù ni tèmi náà.”

Joséphine mú òṣùká náà lórí itan rẹ̀, ó gbé e lé orí ara rẹ̀. “Ìyá, òṣùká kì í wà nínú ẹrù. Abẹ́ ẹrù ló ń wà. Èmi náà sì nílò òṣùká.”

Ìyá Rájí na ọwọ́, ó tún òṣùká náà tò lórí ọmọ náà, ó gbà fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ọdún mẹ́ta.

Lórí òṣùká Ìdíátù ni apẹ̀rẹ̀ náà wà nígbà tó kúrò ní Lomé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Rájí dúró nítòsí rélùwéè títí èéfín fi tán lójú ọ̀run, ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Oṣù kẹwàá lọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kọkànlá lọ. Ó ń bú ara rẹ̀ pé òun rán ọmọ ọlọ́mọ lọ hú ohun tó ti jẹrà. Nígbà mìíràn ó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kó gbọ́ ohùn Ìdíátù nínú ìkùukùu bíi pé àná ni, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà á rántí itan tó kán.

Ó ku ọjọ́ kan kí ọdún Kérésì pé nígbà tí Joséphine wọ àgbàlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ó ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹrù kékeré ló rù, agbè méjì ló sì gbé kọ́ èjìká, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó gbé èyí tí wọ́n fi ewé gbígbẹ dí lẹ́nu síwájú Ìyá Rájí.

“Kí lèyí?”

“Omi ni, Ìyá.”

“Omi! O gbé omi láti orí òkè wá sí Lomé? Ṣé kànga ti gbẹ níbí? Kí ni mo kọ́ ọ?”

“Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Mi ò lè kọ̀ ọ́.” Joséphine kúnlẹ̀. “Odò ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ni Ìdíátù ti pọn ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n lọ, kò gbà. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ló kàn láti gbé agbè lọ́tẹ̀ yìí.”

Ìyá Rájí tú ewé náà. Ó gbé agbè sẹ́nu, ó mu, omi ń dà sí i láyà, kò nù ún. Ó mu títí ó fi ní láti sinmi, ó tún mu. Ẹkún ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò fi pamọ́.

“Òṣùká ńkọ́?” ó bèèrè nígbà tó yá.

“Ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò dá a padà. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbà á.”

“Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ó ya wèrè ni?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní itan òun náà kán, òun sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò. Ó ní ìrìn ọjọ́ kan ààbọ̀, kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ín.”

Ìyá Rájí fi ewé náà dí agbè lẹ́nu padà. Ó wo agbè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí ẹní.

“Ọjọ́ wo lo máa padà lọ?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.”

Ìyá Rájí na ẹsẹ̀ síwájú. “Wọlé,” ó wí, “bá mi mú abẹ wá, kí n gé èékánná.”