Ìbọn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù

Ọkọ mi ló da òróró àdúrà sínú ìbọn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ìbọn náà ló gbó jù. Kò sí ohun tí Olúbọ̀dé kì í ta òróró sí: mọ́tò, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìfọṣọ mi. Ọmọ Aládùúrà pọ́ńbélé ni. Ó gbé ìgò òróró ólífì tí wòlíì ti gbàdúrà sí, ó sì rọ ọ́ sínú irin.

Kì í ṣe ìbọn ogun o. Ìbọn kékeré ni, ọlọ́ta wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n fi ń yìnbọn sí bébà ní ẹgbẹ́ ayìnbọn kan ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ń lọ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà. Ó ní ìwé àṣẹ, ọlọ́pàá sì ti wá yẹ àpótí irin tó ń tì í mọ́ wò nílé wa ní Upney. Mo máa ń sọ fún un pé ìbọn rẹ̀ ti ní yàrá tirẹ̀, èmi ni n kò tíì ní.

Peter ló tà á fún un, òyìnbó arúgbó tí ògiri ilé rẹ̀ àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà. Òun ló kọ́kọ́ mú ọkọ mi lọ sí ẹgbẹ́ yẹn, òun ló sì kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sé èémí kó tó yìnbọn. Ìyàwó rẹ̀, Jean, tó ti dolóògbé, ló ra ìbọn náà fún un nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà. Ní báyìí ojú Peter ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Wales. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ kó tó lọ: kó wá síbi ọjọ́ àlejò ẹgbẹ́ náà, ọjọ́ tí àlejò pàápàá lè yìnbọn níbẹ̀, kó yin ìbọn Jean lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òróró ólífì kì í ṣe òróró ẹ̀rọ. Nígbà tó pẹ́, ó gan, ó lẹ̀ bí àtè mọ́ inú bóòtì, irin ẹ̀yìn ìbọn tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kí wọ́n tó ki ọta bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta wà nínú irin yẹn. Abẹ́rẹ́ ò lọ, kò bọ̀. Ọkọ mi fi hámà kàn án, ló bá dá.

"Ìyá Tiwaladé, mo ti kú," ló wí.

"Ẹ ò kú. Ẹ lọ order òmíràn."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tarrant ni orúkọ tí wọ́n fín sára ìbọn náà, Tarrant sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ti kógbá sílé tipẹ́. Bàtà, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọn ò rọ ìbọn rí. Ẹlòmíràn ló ń bá wọn rọ ọ́, tí wọ́n á sì fín orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i. Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ìbọn àtijọ́ ló ń bi ọkọ mi pé ta ló rọ ọ́. Kò mọ̀. Tiwaladé, ọmọ wa tó ń gbé Barking Riverside, bá a béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìbọn Tarrant. Ẹnì kan fèsì pé kí wọ́n lọ bi Tarrant.

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ọkọ mi mọ́. Tó bá ti gbọ́ ohùn Peter lójúde, á sá wọ kíṣìnnì. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìsìn parí, mo ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìyá àgbà kan tí n kò rí rí bá dì mí lápá mú. Ó wo iwájú orí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi nílẹ̀.

"Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni ẹ́. Agboolé Balógun."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mà, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò tíì bi mí lórúkọ."

"Orúkọ kẹ̀? Ti ọkọ ẹ lo máa sọ fún mi. Iwájú orí yìí, mo mọ ilé tó ti wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Láàárín àwa, orúkọ kò ṣeé gbára lé: ìyàwó á gba ti ọkọ, onígbàgbọ́ á sọ Ògún di Olú, bí bàbá bàbá ọkọ mi ṣe ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé èèyàn, ara rẹ̀ ló ń wò.

Nínú mọ́tò ni ọ̀rọ̀ náà ti sọ sí mi lọ́kàn.

"Bàbá Tiwaladé, orúkọ ọkọ lẹ ń béèrè kiri. Tarrant yẹn, orúkọ ọkọ ni. Ẹ bọ́ aṣọ lára ìbọn yẹn, kí Tiwa snap gbogbo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè pé ọmọ ta ni."

Ó yíjú wò mí pẹ́ títí, àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Iná ti di àwọ̀ ewé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tú igi kúrò lára irin, ó fi kẹrosíìnì fọ òróró tó ti gan dànù. Tiwaladé ya fọ́tò ìtẹ̀kọ́rọ́ ọwọ́ bóòtì, ya ìrù rẹ̀, ya ibi tí àwọn ìdè wà nísàlẹ̀. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìrẹsì mi ò tíì jinná tí ọkùnrin kan fi dáhùn láti Canada: ọmọ ilé Colvin ni ìbọn náà, ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ ìbọn ní Amẹ́ríkà. Ó fi àwòrán ìbọn tí Colvin fín orúkọ ara rẹ̀ sí ránṣẹ́. Ọwọ́ bóòtì rẹ̀ tẹ̀ bákan náà, ìlà ìrù rẹ̀ bákan náà, àfi bí ìbejì. Ọkọ mi gbé mi sókè nínú kíṣìnnì, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún.

Oníṣòwò kan ní Leeds ní abẹ́rẹ́ Colvin nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dé, alátùn-únṣe ẹgbẹ́ náà fi í sí i, ó wọlé wẹ́rẹ́.

"Ó ti ṣiṣẹ́," mo wí. "Ẹ má sọ nǹkan kan fún Peter o. I beg you."

Ó mi orí. Mo rò pé ó gbà ni.

Lọ́jọ́ àlejò, wọ́n fi àga sábẹ́ Peter, ọkọ mi dúró tì í. Ìbọn náà dún, ìró rẹ̀ kò ju ti àtẹ́wọ́ lọ. Ọta kò bá àárín bébà, ṣùgbọ́n ó bá bébà. Peter rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ayọ̀ wọ̀ mí lára, mo ní ó parí nìyẹn. Àfi bí ọkọ mi ṣe lanu. Mo já a léèékánná, kò gbọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀: òróró, hámà, Colvin.

Peter ń fi ọwọ́ pa bóòtì náà. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ lédè tirẹ̀, bí mo ṣe rántí rẹ̀ rèé:

"Mi ò tú u wò rí láyé mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá tú u, mi ò ní lè tò ó pa dà, Jean ló sì fún mi. Ìwọ tú u, o bà á jẹ́, o wá ìdílé rẹ̀ rí, o tún tò ó." Ó gbé ìbọn náà lé ọkọ mi lọ́wọ́. "Títí di àárọ̀ òní, tèmi ni mo ṣì kà á sí, pé o kàn ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ti di tìẹ wàyí."

Olúbọ̀dé sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ìbọn náà sẹ́yìn mọ́tò, ó jókòó, èmi ni mo wa mọ́tò gbé àwa mẹ́ta délé: èmi, òun àti ìbọn.