Ohùn Òkè Kílárínẹ́ẹ̀tì Mi

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ pé, ohùn òkè kílárínẹ́ẹ̀tì mi ò sì gbọ́ tèmi. Nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa ṣàn bí òróró. Bí mo bá ti gbé e dókè báyìí, á fò kọjá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, á máa han gooro lóun nìkan.

"Ummu, ewúrẹ́ lò ń pè ni?" Ameenah tí a jọ ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè wa bú sẹ́rìn-ín nínú ọgbà ilé-kéwú ní Kóbìtì.

Ọ̀gá Àmínù tó ń darí wa ò rẹ́rìn-ín. "Ummulkulthum, bí ohùn yẹn ò bá jókòó lónìí, Ameenah ni yóò dá orin náà fọn lọ́jọ́ ọdún. Ẹ lọ sinmi díẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí àtidá orin yẹn fọn, nígbà tí a bá ń sin Lèmọ́mù bọ̀ láti yídì. Omi lé ròrò sójú mi. Mo lọ dá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo fa oríkèé fèrè náà jáde díẹ̀. Ohùn òkè wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó dáa tẹ́lẹ̀ wá bàjẹ́.

"Tì í padà jàre."

Tawheed ni, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa. Kílárínẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ fọn kó tó bọ́ sídìí tìróńpẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti sún mọ́ mi báyìí, àyà mi kì í dúró sójú kan.

"Kí ló dé tóo máa ń nu rííìdì ẹ gbẹ kóo tó fọn ún?" Ó nawọ́ sí ègé esùsú pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè.

Mo gbójú sílẹ̀. "Ààwẹ̀ mà ni. Bí mo bá lá a kó lè rọ̀, tí nǹkan ara ẹ̀ bá bá itọ́ lọ ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní ni mi ò ti lá a mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. "Ìyẹn ló fà á. Ó gbẹ, ó le, lo bá ń fi eyín há a mọ́lẹ̀ kó tó dún. Bóo ṣe ń há a ni ohùn ń sá lọ sókè. Ṣé inú ẹnu nìkan ni omi wà ni?"

Ó bu omi sínú ife kékeré, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni gbé òrùka fún ìyàwó. Mo ri rííìdì náà sínú rẹ̀ títí ó fi rọ̀.

"Ó yá, tú àgbọ̀n ẹ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kóo fi gbé e, má feyín gbé e."

Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣì ga díẹ̀, nítorí ìyà ti mọ́ àgbọ̀n mi lára. Lẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó.

A padà sídìí orin. Nígbà tó kan ohùn òkè, eyín mi fẹ́ di í mú. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohùn náà bà sáàárín ti àwọn yòókù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀gá Àmínù dijú.

"Ìwọ ni yóò dá a fọn," ó ní. "Ameenah, máa gbè é."

Ameenah yọ ṣùtì. "Ẹni tó ní olùkọ́ ìkọ̀kọ̀, báwo ni ò ṣe níí mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n hó yèè. Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a túká. Mo kó gbogbo ìgboyà mi jọ.

"Tawheed, Màámi ti ń din àkàrà o. Wá bá wa ṣínu."

Ó kó tìróńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sápò, ó kọjú sọ́nà ilé wa.