Tábìlì Tó Ń Lọ Fúnra Rẹ̀

“Ó ń lọ! Ìyá Fàdìlàt, wá wò ó, ó ń lọ fúnra ẹ̀!”

Kifayah kò yára. Aṣọ ló ń sá lọ́wọ́, ó sì ti gbọ́ irú igbe yìí rí. Nígbà tí Roheem ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ pariwo bẹ́ẹ̀, wáyà ló jó. Nígbà tó tún pariwo, ṣéènì ló já, tó fò jáde lọ fọ́ gíláàsì fèrèsé. Síbẹ̀, ó gbọnwọ́ nù, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù páànù tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilé wọn l’Ólódò.

Lóòótọ́, ó ń lọ. Ẹ̀rọ mílìn ni, èyí tí wọ́n fi ń gé irin. Abẹ rẹ̀ a máa yí lójú kan lókè. Tábìlì irin tó wà nísàlẹ̀ ni í máa gbé irin tí wọ́n fẹ́ gé kọjá níwájú abẹ, díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ tí Roheem ti ra ẹ̀rọ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yí tábìlì yìí lọ, tó fi ń yí i bọ̀, títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi kọṣẹ́. Tó bá fẹ́ wọ agbádá lọ sí Jímọ̀, Kifayah ni í bá a ki apá bọ̀ ọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó yéé yí nǹkan, tí kò bá fẹ́ kí apá náà di èyí tó kàn ń fì dirodiro.

Ohun tó dájà sílẹ̀ nìyẹn. Kifayah ní kó ta ẹ̀rọ náà. Roheem ní kàkà kí òun tà á, kí wọ́n kúkú gé apá náà! Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe nígboro ló ń bọ́ wọn, àmọ́ kí n má purọ́, ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé yìí layọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé ìtòsí, tí irin inú rẹ̀ bá ti jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí tọkọtaya náà jà á títí tí kò níyanjú, wọ́n fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n Kifayah, Alàájì Sàníù, ní Erunmu. Alàájì ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i, ohun tí òun bá sì sọ, kí wọ́n fara mọ́ ọn. Òní ni ó ń bọ̀.

“Mọ́tọ̀ wáípà ni,” Roheem wí, ẹnu rẹ̀ ò pa dé. “Èyí tó ń nu òjò lójú gíláàsì ọkọ̀. Ara Máíkírà àlòkù ni mo ti yọ ọ́. Ṣéènì yìí ló so ó mọ́ ọwọ́ tábìlì. Mo tan súìṣì báyìí, ó ń lọ. Mi ò fọwọ́ kàn án o!”

“Ta ló máa wá dá a dúró?”

“Èmi náà ni. Ṣebí mo dúró tì í.”

“Tẹ́ ẹ bá wá lọ tọ̀ ńkọ́?”

“Ìwọ náà! Jẹ́ kí n gbádùn ara mi, jọ̀ọ́.”

Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n dáṣọ Iléyá fún. Kifayah fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú ọkọ rẹ̀ sì tún ń ṣe é.

Irin tuntun ni Roheem ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ tábìlì, tí abẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, nígbà tí wọ́n gbọ́ “Àsàlámù aleikumu” lẹ́yìn ilé. Ó yẹ kó pa ẹ̀rọ kó tó jáde. Ó mọ̀. Àmọ́ ó fẹ́ kí àna òun rí i bó ṣe ń lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kifayah kúnlẹ̀ tì í.

Alàájì Sàníù ò mọ àdúà kékeré ṣe. Tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ, yóò kan ọmọ ẹ, yóò kan àwọn tó ti kú nílé yín, kó tó padà sórí ẹ.

“Àlùbáríkà ò ní wọ́n yín.”

“Àmín.”

“Ẹ ò ní fọwọ́ ara yín ṣe ara yín.”

“Àmín, àmín.”

Roheem ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn. Tí abẹ bá gé irin náà tán, tí tábìlì ò dúró, ẹ̀mú tó di irin mú ni abẹ máa lọ kọ lù. Abẹ á fọ́, bóyá ẹ̀rọ náà á bà jẹ́ pẹ̀lú. Àmọ́ ta ló ń dìde lábẹ́ àdúà àna rẹ̀? Ó wá ń ṣe àmín léraléra, bí ẹni tó fẹ́ ti àdúà náà lẹ́yìn kó tètè parí. Alàájì rò pé àdúà ń wọ̀ ọ́ lára ni, ó bá fi kún un.

“Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún ara yín...”

Kifayah dìde wùyà. Kò tọrọ gáfárà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ kọjá sínú ṣọ́ọ̀bù, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀, ó gbá súìṣì náà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Àlàfo tó ṣẹ́ kù láàárín abẹ àti ẹ̀mú kò gba ìka.

“Kifayah!” Ọwọ́ Alàájì ṣì wà lókè. “Mò ń ṣàdúà, o dìde?”

“Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gé e tán ni, ó fẹ́ lọ kọ lu irin.”

Roheem gbórí sókè. “Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ohùn ẹ̀ fúyẹ́. Ṣé ẹ rò pé adití ni mí ni? Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń yí i, etí ta ló ń gbọ́ ọ? Mo mọ ìgbà tó bá ń gé, mo mọ ìgbà tó bá gé tán. Ẹ̀yin gan-an ni mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró.” Ó nawọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀. “Ẹ̀rọ kọ́ ni mò ń bá jà, Bàbá Fàdìlàt. Ẹ máa ń kérora tẹ́ ẹ bá sùn, ẹ rò pé mi ò gbọ́.”

Alàájì wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo mọ́tọ̀, ó wo ṣéènì, ó fọwọ́ pa tábìlì náà.

“Roheem, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ dára, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí jọ ẹ́ jù. Ó mọ lílọ, kò mọ dídúró.”

“Mo lè fi súìṣì kékeré sí ìparí ẹ̀, Alàájì. Tí tábìlì bá ti kàn án, iná á kú.”

“Ti ẹ̀rọ nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?”

Alàájì yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ tó o mọ ohùn ẹ̀, ìwọ ni kó o dájọ́ ẹ̀. Ṣé kó tà á?”

Kifayah mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù.

“Kí wọ́n má tà á. Àmọ́ tí mo bá pè wọ́n, kí wọ́n dúró. Ìbáà gé tán, ìbáà má gé tán.”

Nígbà tí Alàájì lọ tán, Roheem bẹ̀rẹ̀ sí í de súìṣì kékeré náà mọ́ eteetí ẹ̀rọ. Ó kù díẹ̀ kó parí, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé: “Bàbá Fàdìlàt, ẹ wá jẹun o!”

“Mò ń bọ̀!” ló fi dáhùn, bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ó tún tẹjú mọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé.

Kifayah ta gìrì nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni. Látìgbà tó ti wà nílé ọkọ, ó ti mọ́ ọn lára láti pe ọkọ rẹ̀ jẹun kó tó gbé ìkòkò kaná, torí ó mọ̀ pé kì í tètè wá.

“Ẹ jókòó,” ó wí, ojú sì ń tì í díẹ̀.

Roheem fa àpótí, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ ń dúró kí omi hó.