Pásípọ́ọ̀tù Lórí Pẹpẹ

Ọjọ́ méje. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni, ọjọ́ méje náà ò sì tíì pé... Ta ló ń ka ọjọ́ fún Ọlọ́run ná? Bó bá ku wákàtí díẹ̀ kó pé, ṣé Ọlọ́run á wá sọ pé òun ò gbọ́ ni? Aago mẹ́sàn-án ti lù. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Benin, tó ń lọ sí Accra, á yà jẹun ní Ọ̀rẹ láago méjìlá, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lucy, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ, ti wà níbẹ̀ láti àná. Èmi rèé lórí bẹ́ǹṣì ìta ṣọ́ọ̀ṣì ní Òde-Ayé, mo gbé báàgì sẹ́yìn bí ẹni tí ogun lé kúrò nílé — bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn — pásípọ́ọ̀tù mi sì wà lórí pẹpẹ.

Mo ń rí i. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, mo ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó wà nínú áńkáṣíìfù funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi àdúrà, àbẹ́là méje ń jó níwájú rẹ̀. Ìwé tó yẹ kó wà lára mi! Ìṣísẹ̀ ogún ni síbẹ̀, kò tiẹ̀ tó ogún. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù mi dé láàárọ̀ yìí, obìnrin tó bá sì wà nípò yẹn kì í wọlé ìsìn wa. Ká tiẹ̀ ní kò dé, obìnrin wo ló ń gun pẹpẹ? Àwọn alàgbà nìkan ni. Ìyá mi wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti pè é.

Òun ló fà á. Ìyá mi ló fà á, mi ò ní fi bò. Ta ló ní kí wọ́n gbé ìwé ìrìnnà ẹni lọ sórí pẹpẹ? Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, níbi tó ti ń yí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, lórí iná kí ó gbẹ, èéfín bò ó lójú, ó kàn ṣàdédé ní, "Jùwọ́n, ṣé wọ́n ti gbàdúrà sí ìwé ẹ?" Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun. "Gbádégẹṣin ọmọ ìjọ wa, ọjọ́ méje ni tiẹ̀ fi wà lórí pẹpẹ kó tó lọ sí Canada. Ẹnì kankan ò dá a dúró lọ́nà." Mo ní, Màmá, èmi ò lọ sí Canada. Ó ní ibi yòówù kí n máa lọ, ṣé kì í ṣe ojú òfuurufú ni màá gbà ni?

Kò yé wọn. Kò yé ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Ìgbà mélòó ni mo ti ṣàlàyé? Mo fẹ́ yí ayé ká. Ghana, Kenya, India, Indonesia, ká máa lọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé Brazil, ká wá gba ọ̀hún padà sílé. Oṣù mẹ́rìnlá. Yàrá tí àlejò mẹ́jọ jọ ń sùn, bọ́ọ̀sì òru ká má baà wá ibùsùn, gààrí nínú báàgì, ṣòkòtò méjì, tówẹ̀lì kan tí mo fi àlùmọ́gàjí gé sí méjì kó lè fúyẹ́. "Kí ni wọ́n fẹ́ fún ẹ níbẹ̀?" Salome aládùúgbò wa ló bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní wọn ò fẹ́ fún mi ní nǹkan kan. "Iṣẹ́ ńkọ́?" Kò síṣẹ́. "Ṣé ọkọ wà níbẹ̀ ni?" Ẹ gbà mí! Ó wò mí títí, ó ní, "Á jẹ́ pé nǹkan kan lo ń sá fún níbí nìyẹn." Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n pè mí síwájú, wọ́n ní Olúwa á fún arábìnrin wa ní páálí ìgbélùú, wọn ò ní dá a padà. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Báwo ni kí n ti ṣe é?

Fóònù ń gbọ̀n. Lucy ni. Mi ò gbé e... Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Àkọ́kọ́: "Jùwọ́n, mo ti jí o, mo ti jẹ búrẹ́dì, ibo lo dé?" Ẹ̀kejì, ẹ̀rín nìkan ló kún inú ẹ̀. Ẹ̀kẹta: "Ṣé kò sí o? Dá mi lóhùn jàre." Ẹ̀kẹrin — mi ò fẹ́ tún un gbọ́.

Ọdún mẹ́rin la fi jọ gbèrò ìrìn yìí, èmi àti Lucy, ní yàrá àwọn olùkọ́ ní Okitipupa. Àwọn tíṣà yòókù ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ ti dé ibo lónìí?" Èmi ni mo máa ń dá wọn lóhùn. A ti dé Mombasa, a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Delhi! Lucy kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo lẹ́nu. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Lucy ṣì lọ ro tirẹ̀ fún oṣù kan.

Bí ọkọ̀ yìí bá fi mí sílẹ̀... rárá, jẹ́ n rò ó dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà kó tó tún padà lọ. Ọjọ́ Ẹtì sì ni bàálù wa ń gbéra ní Accra, tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, wọn kì í yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Lucy ò ní dúró. Ohun tó wà nínú ohùn kẹrin nìyẹn: "Tóo bá ní o ò wá mọ́, mò ń lọ o. Kóo sáà mọ̀." Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi fèsì.

Àbí kí n pariwo? Kí n lọ dúró lójú fèrèsé kí n ké pè é, Màmá, ẹ bá mi mú un wá! Wọ́n á ní ẹ̀mí kan ló bà lé mi. Wọ́n á kó mi yí ká, wọ́n á dá mi kúnlẹ̀ — ó parí nìyẹn, mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi ló fà á. Kò fẹ́ kí n lọ, kò kàn lè là á mọ́lẹ̀ ni. Àwọn ìyá!

Ìgbà wo ló tiẹ̀ sọ pé kí n má lọ? Ó gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ rí. Ìyá wo ni kò ní sọ ọ́? Jẹ́ n rántí... Nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní, "O ti dàgbà." Ìgbà tó yá, ó tẹ̀ lé mi lọ bá àwọn tó ń ra rọ́bà, tí wọ́n ní òṣùwọ̀n, kí wọ́n bá wa wọn báàgì, torí mo ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ju kílò mẹ́jọ lọ. Ó fi kílò kan lé. Òun fúnra rẹ̀ ló kó púpurú tó dì sínú rẹ̀ jáde, ó ní, "Wọ́n á ṣáà ní oúnjẹ níbẹ̀," ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rán àpò pẹlẹbẹ kan fún mi, èyí tí mo so mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ báyìí, torí pásípọ́ọ̀tù. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kò sọ ọ́. Mo wá a títí, kò sọ ọ́ rí.

Ó dáa náà, ta ló wá mú ọjọ́ méje wá? Òun ni! Òun ló ní ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n... ó béèrè. Mo rántí báyìí, ó béèrè: "Ṣé á ti pé kóo tó lọ?" Mo ní á ti pé. Mo fi ìka kà á lójú rẹ̀, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Tíṣà ìṣirò ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ṣé mi ò wá lè ka ọjọ́ méje ni? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ òní, ni wọ́n ń gbàdúrà ìparí, aago mẹ́fà. Mo mọ̀, inú ìjọ yìí ni wọ́n bí mi sí. Mo sì mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ. Àṣìṣe ni, jàre. Èèyàn lè ṣàṣìṣe.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Alàgbà Philemon ló jáde, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó fẹ́ bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó rí mi. Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun! Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi...

Ó ti yí padà.

Kí ni mo sọ fún un? Ó wo báàgì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òní náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ tìẹ tipẹ́. Ṣé kí n lọ bá ọ mú un wá?" Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ṣé kí n lọ bá ọ mú un wá. Kí ló tún rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ ṣé sà, ó parí. Ẹnu ara mi ni mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Rárá sà. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ méje." Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti rí ọmọ tó nígbàgbọ́ báyìí. Ó gbé omi rẹ̀, ó ń lọ.

Ìgbàgbọ́ kẹ̀! Ẹ gbà mí o.

Ìgbàgbọ́ kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí... háà, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti Ọjọ́bọ̀, ó ti ń bà mí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Kì í ṣe bàálù, kì í ṣe àwọn tí a ó jọ sùn ní yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Kí n dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ pé ọmọ Ògúnṣínà ni mí, kó wá hàn pé gbogbo ẹnu tí mo ní, ilé nìkan ni mo ti ní in. Mo ń wá ẹni tó máa dá mi dúró. Mo wojú ìyá mi, ó ń rán àpò. Mo wojú ìjọ, wọ́n ń ṣe àmín. Ni mo bá ní kí wọ́n gbé ìwé mi síbi tí ọwọ́ mi ò ní tó o, mo wá jókòó síta, mo ń bínú sí ìyá tó bí mi.

Èmi ni. Kò sẹ́lòmíràn.

Fóònù tún ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo wo aago tó wà lókè orúkọ Lucy, mò ń bẹ Ọlọ́run kó ti di mọ́kànlá tí mi ò ní lè bá ọkọ̀ mọ́, kó ti bọ́, kó ṣáà ti bọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Ọ̀kadà mẹ́ta wà létí títì. Alàgbà Philemon ò tíì wọlé, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń nu ẹsẹ̀, bí mo bá pè é báyìí á gbọ́. Àyè ṣì wà. Olúwa mi, àyè ṣì wà.