Orí Mi ni Onídìrí Fi Kàwé

Kò sí ohun tí onídìrí mi fẹ́ láyé yìí ju kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwọlé, wọ́n sì ti sọ fún un pé bó bá tún kùnà, kó má padà wá mọ́, torí ọjọ́ orí ti ń lé e. Ọmọ náà kì í ṣe olódo o. Oorun ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ti ṣí ìwé báyìí, ó ti ń hanrun.

Lọ́jọ́ kan tó ń fa irun mi bí ẹni fa igbó tu, mo ní kó sọ ohun tó ń kà fún mi, kí n lè gbàgbé ìrora.

"Ẹ̀dọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni ẹ̀dọ̀ ṣe?"

Ó ronú díẹ̀. "Ìyá ọkọ ni. Gbogbo ohun tí ikùn bá rà wọlé, àfi kó kọ́kọ́ tú u wò. Ọkàn ni baálé, kì í sùn, kì í jókòó. Kíndìnrín méjèèjì ni ìyàwó ilé. Àwọn ló ń da ìdọ̀tí nù, ẹnì kan ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ha! Ọ̀rọ̀ dùn. Àwọn oníbàárà yòókù sún àga mọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù ò gbófo mọ́. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ò tó fi ìka mú ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró já sí. Onídìrí ò tòògbé mọ́, torí tí kò bá kàwé, kí ló fẹ́ rò fún wa?

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo sìn ín lọ síbi ìdánwò. Àfẹnudáhùn ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, mò ń yọjú. Àwọn olùdánwò mẹ́ta kọjú sí i. Ìyá tó ṣe olórí wọn ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Onídìrí la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ìpàkọ́ àwa oníbàárà ló ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, kò bá ojú kankan sọ ọ́ rí!

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wá sọ, "ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Tí mi ò bá rí orí dì, ọ̀rọ̀ ò ní jáde."

Ìyá náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ pè é, ká rí i."

Irun tí mo dì lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ṣí gèlè mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Bí ìdì àkọ́kọ́ ṣe tú, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ tú jáde.

"Ìwé wo ló pe ẹ̀dọ̀ ní ìyá ọkọ?" ìyá náà bi í.

"Kò sí mà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ní ìyá ọkọ."

Ìyá náà fẹ́ bojú jẹ́, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Onídìrí wá to iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, kò fo ọ̀kan.

Wọ́n ní ká dúró síta. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, ó ti yege. Ó kígbe, ó dì mọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo sunkún, pẹ̀lú irun tó dúró ṣánṣán lápá kan. Ìgbà náà ló tó yé mi.

"Ta ni yóò máa di irun mi báyìí?"

Ó yọ ìyàrun nínú báàgì, ó fà mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dì í parí lójú gbogbo èèyàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, ó dì í láìsọ nǹkan kan, ìyẹn sì dùn mí ju fífa irun lọ.